Dísìkì Tuntun Tó Tún Ń Gbọ̀n Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́ta

Bí wọ́n bá pààrọ̀ dísìkì ọkọ̀, ìyẹn àwo irin tó ń bá táyà yí, tí ọkọ̀ náà dákẹ́ fún bí oṣù mẹ́ta, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, ohun tí ìrírí kọ́ mi ni pé dísìkì kọ́ ló sábà máa ń ṣẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ti bà á jẹ́, àmọ́ ó gba àkókò kí ìbàjẹ́ náà tó fara hàn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: dísìkì ni gbogbo ayé ń mú, ohun tó ba dísìkì jẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò wò.

Ilẹ̀ wa ní Èkìtì kì í jẹ́ kí irú àìsàn yìí fara pamọ́ pẹ́. Ẹni tó bá ti Adó gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àràmọkọ dé Èfọ̀n Aláayè, tó sì tún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, yóò tẹ bíréèkì ju ẹni tó ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Dísìkì á gbóná, páàdì tó ń fún un mú á gbóná, ohunkóhun tí kò bá dọ́gba á sì jẹ́wọ́ ara rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ wa ọkọ̀ náà fúnra yín, kí ẹ sì mọ ibi tó ti ń gbọ̀n. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì láti eré 80 tàbí 100 kìlómítà ní wákàtí, ẹsẹ̀ iwájú ni. Bó bá jẹ́ àga àti ìdí yín ló ń gbọ̀n, tí sítíárìn dúró jẹ́ẹ́, ẹ wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà kan wà láti fìdí ti ẹ̀yìn múlẹ̀: níbi tí ọ̀nà ti ṣófo tó sì tẹ́jú, ẹ sáré bíi 40, ẹ di bọ́tìnì orí bíréèkì ọwọ́ mú kó má bàa há, kí ẹ wá fà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, ìyẹn agolo irin tí ṣúù bíréèkì ń tì láti inú, ti kúrò ní róbótó. Àwọn ọkọ̀ tó ní dísìkì lẹ́yìn, tí bíréèkì ọwọ́ wọn sì ń lo ṣúù kékeré tó fara sin sínú dísìkì náà, ìdánwò yìí kò ní sọ nǹkan kan fún yín nípa ojú dísìkì wọn.

Èyí tó ń gbọ̀n ní 90 sí 110 láìtẹ bíréèkì, táyà tàbí bálánsìn ni, ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí dísìkì. Èyí tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹná tó sì dákẹ́ bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ áàsù tàbí sìtì ẹ́ńjìnì nìyẹn. Bí pẹ́dà bá ń ta ẹsẹ̀ yín kíákíá, tó ń dún kírr-kírr, kìkì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì wìì lórí yanrìn tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há lójijì, ló ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mo mẹ́nu kàn án torí àwọn kan ń sanwó fún mẹkáníìkì kó lọ yọ wáyà ABS nítorí èyí. Kò dáa.

Kí n wá ṣàlàyé bí ìgbọ̀n náà ṣe ń wáyé. Gbogbo wa la máa ń sọ pé “dísìkì ti wọ́.” Ní tòótọ́, dísìkì tó wọ́ gidi ṣọ̀wọ́n. Èyí tí nínípọn rẹ̀ kò dọ́gba yí ká ló pọ̀, àti èyí tí èérún páàdì lẹ̀ mọ́ lójú kan.

Ojú họ́ọ̀bù, ìyẹn ibi tí dísìkì jókòó lé, gbọ́dọ̀ mọ́ kó sì tẹ́jú. Bí ìpẹtà tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà bá wà láàárín àwọn méjèèjì, dísìkì á jókòó ní ìdagẹ̀rẹ̀, ojú lásán ò sì lè rí i. Bó ti ń yí, etí rẹ̀ á máa jù síta, á tún máa jù sínú. Òṣùwọ̀n Toyota fún ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry tó wà nígboro wa ni pé kí ìjù yìí má kọjá 0.05 mm, irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ò ní gbọ̀n, torí pé kálípà, ìyẹn irin tó di páàdì mú, ń rìn lórí píìnì rẹ̀, á máa bá dísìkì lọ bọ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí bíréèkì rárá, ibi tó yọ jù lára dísìkì á máa ra páàdì ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Ó ń ra á ní Ìkéré, ó ń ra á ní Ìfàkì, ó ń ra á títí ẹ ó fi délé. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ibẹ̀ á ti jẹ wọlé, á fẹ́lẹ́ ju ibi tó kù lọ. Bí ìyàtọ̀ náà bá ti tó bíi 0.02 mm, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n lórí sítíárìn: páàdì dé ibi tó nípọn, ó ti písítìn inú kálípà wọlé, ó dé ibi tó fẹ́lẹ́, písítìn yọ. Ọ́ìlì bíréèkì ló ń gbé ìtì àti ìyọ yẹn dé ẹsẹ̀ yín. Oṣù mẹ́ta tí ọkọ̀ fi dákẹ́ kì í ṣe àlàáfíà, jíjẹ ló ń jẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí wọ́n wọn nǹkan. Micrometer kan tó ń wọn nínípọn, àti dial gauge kan, ìyẹn géèjì tó ń fi ìjù kékeré hàn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń yọ ènìyàn nínú àròsọ. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ fi sítáǹdì gbé e ró, kì í ṣe jáàkì nìkan, ẹ sì fi òkúta há táyà tó kù. Ẹ yọ táyà, ẹ dá gbogbo nọ́ọ̀tì padà sórí dísìkì kí ẹ fi wáṣà há a dáadáa, torí pé láìsí ríìmù, kò sí ohun tó mú dísìkì mọ́ họ́ọ̀bù. Ẹ gbé ẹnu dial gauge sí ibi tó fi nǹkan bíi 10 mm jìnnà sí etí dísìkì, kí ẹ yí i pẹ̀lẹ́ ní odindi ìyípo kan. Iye tó wà láàárín ibi tí ọwọ́ géèjì ti ga jù àti ibi tó ti rẹlẹ̀ jù ni ìjù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi micrometer wọn nínípọn dísìkì ní ojú mẹ́jọ yí ká, ní ibi kan náà tó jìnnà sí etí. Nọ́ńbà tó kéré jù tí olùṣe gbà ni wọ́n tẹ̀ sára dísìkì fúnra rẹ̀, ẹ wá “MIN TH” lẹ́bàá àárín tàbí létí rẹ̀. Dísìkì iwájú tó jẹ́ 25 mm nígbà tó wà ní tuntun sábà máa ń ní 23 lára.

Kí ẹ tó gbà pé dísìkì ló jù, ẹ sàmì sí i àti sí ẹsẹ̀ bóòtù kan, ẹ yọ ọ́, ẹ yí i kúrò ní bóòtù kan sí èkejì, ẹ tún wọ̀n. Bí ibi tó ga jù bá tẹ̀ lé dísìkì lọ, dísìkì ló jẹ̀bi. Bó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀ lára họ́ọ̀bù, họ́ọ̀bù ni, tàbí ìdọ̀tí ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn, yíyí i ní bóòtù kan tàbí méjì péré á mú kí àìdọ́gba dísìkì àti ti họ́ọ̀bù pa ara wọn rẹ́, iye náà á wá sí abẹ́ 0.05, láìra ohunkóhun.

Mímọ́ họ́ọ̀bù ni iṣẹ́ tí wọ́n ń fò jù. Wọ́n á fi èékánná ha á, ó parí. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, lẹ́yìn náà sánpépà 80, ní pàtàkì ní ẹsẹ̀ bóòtù kọ̀ọ̀kan àti ní ìyípo tó yọ láàárín, torí ibẹ̀ ni ìpẹtà máa ń kóra jọ sí. Ẹ tún wo inú dísìkì àtijọ́ bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, àti ẹ̀yìn ríìmù. Ẹ fi aṣọ nù ún gbẹ. Ẹ má fi gíríìsì kún un nípọn. Ìdọ̀tí tuntun ni yóò dì. Bí dísìkì bá lẹ̀, ọ̀pọ̀ Toyota ní ihò kékeré méjì tó ní ìlà tí bóòtù máa ń yí wọ̀ nínú: bóòtù M8 méjì ni ẹ ó fi sínú wọn, ẹ ó máa há wọn ní ìdọ́gba, dísìkì á sì yọ fúnra rẹ̀. Òòlù kò yẹ kó débẹ̀, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ dá dísìkì náà padà.

Nọ́ọ̀tì táyà wá ńkọ́? Ibí ni mo ti máa ń bínú díẹ̀. Fọkanáísà á há nọ́ọ̀tì kan títí, á wá gun orí sípánà, á fò lé e, á bọ́ sí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n tí Toyota fún Corolla àti Camry jẹ́ 103 N·m, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì há. Ẹni tó wọn 80 kg tó bá dúró lórí sípánà tó gùn ní 40 cm ti fi bíi 314 N·m sí i, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta. Dísìkì á fún mọ́ ojú kan, á tú lójú kejì, ìjù tí ẹ ti pa rẹ́ á sì tún padà. Ẹ máa há wọn ní àgbékọjá, bí ẹni ń ya ìràwọ̀, ẹ gbà á ní ìpele mẹ́ta: kí gbogbo wọn kan ojú, kí wọ́n há díẹ̀, kí wọ́n wá há tán nígbà tí táyà bá ti kanlẹ̀. Bí ẹ ò bá ní sípánà tó ń wọn agbára, ẹ lo èyí tó gùn ní 40 cm, kí ẹ fi agbára tí ẹ fi ń gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì, ìyẹn 25 kg, tẹ etí rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìyẹn á fún yín ní bíi 98 N·m, ó sì tó láti gbé yín délé kí ẹ tó yá èyí tó péye. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí àwọn onítáyà ńlá ń lò kò dáa jù fífò lọ bí wọn ò bá dín agbára rẹ̀ kù.

Ẹ̀bi kálípà yàtọ̀ sí ìyẹn. Kálípà tó há máa ń mú kí páàdì máa jó dísìkì láìdúró, èérún rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú dísìkì ní bátànì-bátànì. Lẹ́yìn ìrìn bíi ogún ìṣẹ́jú tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ́nà tó hàn gbangba lẹ ó tú. Ẹ yí táyà náà lókè. Bó bá le, ẹ tú ìdérí kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lára kálípà díẹ̀: bí táyà bá tú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì ló há sínú, ìyẹn họ́ọ̀sì rọ́bà tó ti wú nínú tàbí másítà tó ń ti ọ́ìlì bíréèkì láti òkè. Bí kò bá tú, písítìn tàbí píìnì ló gan. Píìnì méjèèjì gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ lásán rìn. Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ fi gíríìsì sílíkóònù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì sí i. Gíríìsì bíárìn máa ń wú rọ́bà, á tún dá a há. Bí ọ̀kan bá ní rọ́bà létí tí èkejì kò ní, ẹ má ṣe pààrọ̀ ipò wọn.

Ní àsìkò tí táyà wà lókè, ẹ di orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú kí ẹ mì í. Bó bá mì, bíárìn tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ọ̀ǹtì ni, ẹ ò sì lè wọn dísìkì kankan lórí bíárìn tó ti tú. Ẹ fi irin gbọọrọ gbún bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ẹ̀yìn lára lower arm, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà mú. Rọ́bà tó ti ya kì í dá ìgbọ̀n sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ń sọ ìgbọ̀n tí ẹ kò bá má mọ̀ di ńlá, ó sì máa ń dún “kú” nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tẹ bíréèkì. Gàlọ́ọ̀pù ojú ọ̀nà wa kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́.

Fífá dísìkì lórí ẹ̀rọ léèdì dáa bí nǹkan mẹ́ta bá pé: kó má lọ sí abẹ́ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, kí ẹ fá tọ̀tún àti tòsì pọ̀, kí ẹni tó ni ẹ̀rọ sì nu ojú ibi tí dísìkì máa jókòó kó tó dè é. Bí tirẹ̀ náà bá gbé e lé ìdọ̀tí, ó kàn fá a ní ìdagẹ̀rẹ̀ fún yín ni. Dísìkì tí wọ́n fá di 23.2 nígbà tí òpin rẹ̀ jẹ́ 23, owó òfo ni. Ó fẹ́lẹ́, á tètè gbóná. Èyí tó ní àbàwọ́n dúdú-aláwọ̀-aró tó le koko lójú kan náà kì í gbọ́ fífá. Irin ibẹ̀ ti gbóná kọjá ààlà, ó ti yí padà dé ìsàlẹ̀, léèdì á fá ojú rẹ̀ tán, ibẹ̀ á tún yọ gọngọ láìpẹ́ torí pé kì í jẹ bí ibi tó kù. Ẹ ra òmíràn. Ní tèmi, tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó tí nínípọn rẹ̀ ṣì wà ní 24.5, tó sì dọ́gba lójú mẹ́jọ, sàn ju tuntun ẹdinwó tí ẹ ò wọ̀n lọ. Tuntun náà, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìta ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Ẹ fọ epo tí wọ́n fi pa á lára kúrò pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, kí ẹ nù ún gbẹ.

Ti dúrọ́ọ̀mù kò gùn. Ohun tó ń mú un kúrò ní róbótó ni òòlù tí wọ́n ń fi yọ ọ́, àti fífa bíréèkì ọwọ́ pátápátá nígbà tó ṣì gbóná gan-an. Òun náà ní ihò M8 méjì. Ìwọ̀n tó tóbi jù tó gbọ́dọ̀ dé wà lára rẹ̀: dúrọ́ọ̀mù 200 mm ti Corolla kò gbọ́dọ̀ kọjá 201.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, páàdì tuntun gbọ́dọ̀ bá dísìkì mọra. Ọ̀nà Ìjàn tàbí ọ̀nà Ìwòròkó ní àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó pọ̀, dáa fún un. Ẹ sáré dé 60, ẹ tẹ bíréèkì ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì títí ẹ ó fi dé bíi 15, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún sáré. Ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ fi bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtẹ bíréèkì púpọ̀ kó lè tutù. Òórùn díẹ̀ lè yọ, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá dúró gbagidi nígbà tó gbóná, tí ẹ sì di pẹ́dà mọ́lẹ̀, àwòrán páàdì á tẹ̀ sójú dísìkì bí òǹtẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀n mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Èfọ̀n pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó wá dúró ní ibi àyẹ̀wò, tó di pẹ́dà mú pinpin. Ẹ fi jíà 2 tàbí L sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnì bá yín di ọkọ̀ mú, kí ẹ máa tẹ bíréèkì le díẹ̀ ní ìgbà kúkúrú, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kó mí. Ní ibi àyẹ̀wò, bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ẹ jẹ́ kó rìn sẹ́ntímítà díẹ̀díẹ̀ dípò dídì í mú sójú kan. Kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ da omi tútù sí ríìmù nígbà tó ṣì ń jó ọwọ́.

Lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà, ẹ tún wọn gbogbo nọ́ọ̀tì wò. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ fún fọkanáísà nígbàkigbà, ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí bóòtù kan àti sí ojú dísìkì níwájú rẹ̀. Bí dísìkì bá yí nígbà tí ríìmù kò sí lórí rẹ̀, àmì yẹn ni ẹ ó fi dá a padà síbi tí ẹ wọ̀n ọ́n sí.